Mo ka Urban and Regional Planning ní yunifásítì, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Àwọn tó fẹ́ kọ JAMB ló ń bi mí jù, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí. Yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá níbí ni mo ti ka URP, ìyẹn ìmọ̀ ètò ìlú àti agbègbè, mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ sínú ìwé, ASUU wá fi tiẹ̀ kún un. Máàkì tí màá fún kọ́ọ̀sì náà ni méje nínú mẹ́wàá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ọ́mọ̀ yàn án o. Architecture ni wọ́n fẹ́, àwọn míì Estate Management, máàkì JAMB wọn ò gbé wọn débẹ̀ ni wọ́n bá bára wọn ní URP. Àwọn kan fajú ro títí wọ́n fi jáde, àwọn kan nínú wọn náà ló sì padà gba iwájú gbogbo wa. Tó ò bá fẹ́ràn Geography, tó ò sì fẹ́ràn kó o máa fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, jọ̀ọ́ wá nǹkan míì kà.

Stúdíò gan-an ni iyì kọ́ọ̀sì yìí. Wọ́n á pín yín sí gúrúpù, wọ́n á fún yín ládùúgbò kan, ẹ ó máa ya ojúlé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́, ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbé yàrá yìí, níbo lẹ ti ń pọnmi, ṣáláńgá lẹ̀ ń lò àbí ti inú ilé, níbo lẹ̀ ń da ìdọ̀tí sí. Bàbá kan lé wa síta, ó ní ìjọba ló rán wa wá ká wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé òun. Mi ò bá a wí, ẹni tó bá mọ bí ìjọba ológun ṣe wó Màrókò l'Ékòó lóṣù keje 1990, tí àìmọye èèyàn di aláìnílé, ó yẹ kó sá fún ẹni tó bá gbé máàpù dání. Kò sí ìwé tó lè kọ́ èèyàn nírú ẹ̀.

Odò ni gúrúpù wa tún ṣe lẹ́yìn ìyẹn, n'Ibàdàn, a ń wọn bí ilé ṣe jìnnà sétí odò tó, àwọn fẹ́ǹsì kan ti wọnú odò pátápátá. Olùkọ́ wa ò bá wa jiyàn, ó kàn ní ká lọ wá ohun tí omíyalé ṣe l'Ógùnpa lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ká wá wo ti 26 oṣù kẹjọ 2011 mọ́ ọn. Látìgbà náà, tí mo bá ti rí ẹni tó ń kọ́lé sójú àgbàrá, inú á bí mi.

Planning Law tí mo rò pé ó máa sú mi, òun ló wá dùn jù. Land Use Act 1978 tó fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, Decree 88 ti 1992 tó jẹ́ òfin ètò ìlú, ẹjọ́ tí Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe tí Supreme Court sọ ní 2003 pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú, ti ìpínlẹ̀ ni. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ ló sún òyìnbó dé ibi tí wọ́n fi dá LEDB, ìgbìmọ̀ tó ń tún ìlú ṣe, sílẹ̀ l'Ékòó ní 1928.

Ibi tí mo ti yọ máàkì rèé. A gbọ́ nípa Ebenezer Howard àti garden city ẹ̀, ìyẹn ìlú tí ọgbà àti oko yí ká, ní England títí etí fi kún, ṣùgbọ́n ta ló ṣàlàyé agboolé fún wa, ta ló sọ ìdí tí ọjà ọba fi máa ń kọjú sáàfin? Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ Geography tó kọ̀wé lórí àwọn ìlú Yorùbá, tí mo lọ fúnra mi kà ní láíbìrì ló là mí lójú. ArcGIS tí wọ́n fi ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà ńkọ́, ojú bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti kọ́ wa, kọ̀ǹpútà ò tó, iná ò sí. Ẹ lọ gba QGIS tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sórí láptọ́ọ̀pù yín láti 200 level, ọ̀fẹ́ ni. Owó pírínítì náà ńkọ́, pàápàá tí jury, ìyẹn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbé iṣẹ́ yín síwájú àwọn olùkọ́, bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ò ní sùn, ẹ ò sì ní lówó lọ́wọ́.

Ẹ má sì rò pé tẹ́ ẹ bá ti jáde ó ti parí, ìdánwò NITP, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ètò ìlú, ṣì ń bẹ níwájú, TOPREC, ìgbìmọ̀ tó ń fún wọn níwèé àṣẹ, náà á sì forúkọ yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè lu òǹtẹ̀ sórí plan ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ìjọba ò rọrùn láti rí, àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń jẹun dáadáa báyìí, GIS, iṣẹ́ máàpù orí kọ̀ǹpútà yẹn, ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe.

Tó bá wá kan IT, ìyẹn iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa lọ kọ́ níta, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí plan ilé ni kẹ́ ẹ wá lọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi yín sídìí fáìlì, ẹ bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé àwọn tó ń lọ sí site, kódà tí wọn ò bá fún yín lówó ọkọ̀.