Ilé Epo Ńlá àti Ilé Epo Àdúgbò ní Ìlọrin: Níbo Ni Bẹntiróòlù Ti Dínwó Ní Tòótọ́?

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti kásẹ̀ nílẹ̀, iye tí wọ́n ń ta lítà bẹntiróòlù kan kò bára mu mọ́ láti ilé epo kan sí òmíràn ní Ìlọrin. Ènìyàn lè jáde ní Táńkẹ̀, kí ó rí iye mẹ́ta lára pátákó mẹ́ta kí ó tó dé Gáréèjì Ọ̀fà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí owó òun mọ níwọ̀n ní ọ̀nà méjì pàtàkì: ilé epo ńlá ojú títì, irú ti NNPC àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wọn ti pẹ́ lójà, àti ilé epo aládàáni inú àdúgbò, tí ó máa ń gé owó pátákó rẹ̀ kí oníbàárà lè yà. Mo ti ra epo níbi méjèèjì, fún ọkọ̀ àti fún jẹnẹrétọ̀.

Àwọn tí ń ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà kò sí nínú ìfiwéra yìí. Ọjọ́ tí epo bá ṣọ̀wọ́n pátápátá ni wọ́n wúlò, owó wọn ga, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Mítà ara pọ́ǹpù ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ni ó jẹ mí lówó jù. Ilé epo àdúgbò kan wà tí mo ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé iye ara pátákó rẹ̀ kò tó ti ojú títì. Nígbà tí mo wá gbé kẹ́ẹ̀gì jẹnẹrétọ̀ lọ sí ibòmíràn, epo dé ojú àmì tí mo fi máákà fà sí i lára nígbà tí mítà wà ní lítà 25. Ní ilé epo ti àkọ́kọ́, mítà ní láti dé 27 kí epo tó kan àmì yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iye tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì ṣe ẹ̀rí o, nítorí kẹ́ẹ̀gì tí a ń pè ní ti lítà 25 a máa gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá rọ ọ́ dé ẹnu. Ẹ̀rí tí ó dúró ni kẹ́ẹ̀gì kan náà àti àmì kan náà, níwájú mítà méjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ilé epo àdúgbò bá ń ta lítà kan ní náírà 920, tí ti ojú títì jẹ́ 960, gbogbo ojú ni yóò yà sí 920. Ṣùgbọ́n lítà 27 ní 920 jẹ́ náírà 24,840, nígbà tí lítà 25 ní 960 jẹ́ 24,000, bẹ́ẹ̀ epo inú kẹ́ẹ̀gì méjèèjì kò fi ẹ̀kán kan ju ara wọn lọ. Ẹni tí ó sì ń sọ pé "fi ti ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí i" dípò kí ó pe iye lítà kò lè mọ̀ láéláé pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Àjọ NMDPRA, àjọ ìjọba tí ń ṣe àbójútó títa epo, tí ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ DPR, àjọ epo àtijọ́, lábẹ́ òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021, máa ń fi agolo òṣùwọ̀n lítà mẹ́wàá yẹ mítà wò, ó sì lè ti ilé epo tí ó bá jẹ̀bi pa, ṣùgbọ́n kò lè wà níbi gbogbo lójoojúmọ́. Ní ti àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ wo ibi tí wọ́n ń tò sí: iye ẹ̀rò tí lítà kan gbé ni wọ́n fi ń jẹun, wọn kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó sá fún mítà tí kò pé.

Ọ̀nà jíjìn náà ní owó tirẹ̀. Ọkọ̀ tí lítà kan ń gbé rìn ní kìlómítà mẹ́wàá yóò jó lítà méjì, ìyẹn náírà 1,920 bí lítà kan bá jẹ́ 960, bí àlọ àti àbọ̀ sí òdìkejì ìlú bá jẹ́ ogún kìlómítà. Èrè náírà 40 lórí lítà kọ̀ọ̀kan, bí a bá ra lítà 40, kò sì ju 1,600 lọ.

Ìlà gígùn pọ̀ ní ilé epo ńlá. Omi inú epo lè wáyé níbi méjèèjì lásìkò òjò. Ní ti àwọn tí ń jí lọ ra epo ní ìdájí, nítorí pé epo tutù a máa ki, tí lítà kan yóò fi gba púpọ̀ sí i, abẹ́ ilẹ̀ ni táńkì epo wà, òtútù àárọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó ṣe ilé epo olórúkọ láǹfààní: ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ta bẹntiróòlù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ti dárúkọ MRS, AP àti Heyden lára àwọn tí ń ta epo rẹ̀, ó sì ti kéde iye tí wọn yóò máa tà á ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ka ìkéde náà ní ohun tí yóò fi bi wọ́n léèrè. Ilé epo àdúgbò kì í sábà ní irú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ilé epo àdúgbò bá wà lẹ́bàá ilé rẹ̀, tí ó sì ti fi kẹ́ẹ̀gì alámì dán mítà rẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lórí pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan, nítorí pọ́ǹpù méjì nínú ọgbà kan lè yàtọ̀, kí ó máa rà á níbẹ̀ láìsí ìyọnu. Ẹni tí kò bá ní àyè fún gbogbo ìyẹn, kí ó san náírà díẹ̀ tí ó lé lójú títì, kí ó pe iye lítà, kí ó sì rí i pé mítà wà ní òdo kí wọ́n tó ti ẹnu pọ́ǹpù bọ ọkọ̀.