Ìkìlọ̀ o! Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ta fóònù fún yín bá yín yan PIN

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, àmọ́ mi ò ní torí ìtìjú panu mọ́. Fóònù tí mo fowó ara mi rà ni wọ́n fi jà mí lólè, ẹni tó tà á fún mi gan-an ló sì ṣe é.

Mi ò rà á ní kọ̀rọ̀ o. Ọjà fóònù n'Ìkẹjà ni mo lọ, lọ́sàn-án gangan, sọ́ọ̀bù tó ní kántà onígíláàsì, wọ́n sì já rìsíìtì fún mi. Tòkunbọ̀ ni, ₦185,000. Ọmọkùnrin náà gbé àga fún mi, ó ra omi tútù fún mi, "Mọ́mì mi" ló ń pè mí. Nígbà tí mo sanwó tán, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n bá yín fi àgádágodo kejì sí WhatsApp àti Google yín, àwọn ọmọ Yahoo ti pọ̀ jù níta." Ó ní ₦3,000 ni owó iṣẹ́ òun. Mo sì san án! Mo sanwó fún olè pé kó wá bá mi ti ilẹ̀kùn!

Ẹ wo bó ṣe ṣe é. Ó wọ WhatsApp mi, ó dé ibi tí wọ́n ti ń ní kéèyàn yan PIN oní-nọ́ńbà mẹ́fà, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ gùn, ó ń ró kọ́-kọ́-kọ́ lójú gíláàsì. Ó ní ọjọ́ ìbí mi lòún fi sí i kí n má baà gbàgbé. Irọ́ ni! Ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìmeèlì tí wọ́n á fi ranni lọ́wọ́ béèyàn bá gbàgbé PIN, tirẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Ó wá ṣí Google mi lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, èmi ni mo ń pe password fún un létí gbogbo èèyàn. Àwòrán onígun mẹ́rin kan jáde, tó kún fún àmì dúdú wínníwínní. Ó gbé fóònù mi síwájú àwòrán náà kó lè yà á, ó tún gbé fóònù tirẹ̀ náà síwájú rẹ̀. Mo bi í pé kí ni fóònù tirẹ̀ ń wá níbẹ̀. Ẹ gbọ́ o, mo bi í! Ó lóun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ni.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé inú àwòrán yẹn ni àṣírí gbogbo rẹ̀ wà. Kóòdù tí Authenticator, ìyẹn áàpù tó ń mú kóòdù téèyàn fi ń wọ Google jáde, ń mú wá ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30, fóònù tó bá ti ya àwòrán yẹn á máa mú kóòdù kan náà jáde. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mi sápò lójú mi. Backup code mẹ́wàá tí Google fún mi, ìyẹn nọ́ńbà téèyàn lè fi wọlé bí fóònù ò bá sí nítòsí, ó tún yà wọ́n ní fọ́tò, ó ní kí wọ́n má baà sọnù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wà níbi ìsọmọlórúkọ, ó pè mí: "Mọ́mì mi, WhatsApp yín fẹ́ kú, kóòdù kan máa wọlé báyìí, ẹ sáré kà á fún mi." Kóòdù wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹn pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mo kà á fún un. Ìlù ò jẹ́ kó gbọ́ nọ́ńbà kẹrin, mo tún un pè.

A ò tíì jẹun tán tí WhatsApp mi fi lọ. Àbúrò mi ló pè láti London: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń fi Òyìnbó kọ̀wé sí mi, tẹ́ ẹ tún ń béèrè owó?" Oníbàárà mi kan n'Ìlọrin ti fi ₦120,000 ránṣẹ́ nígbà yẹn, ó rò pé owó léèsì tá a ti jọ ń dúnàádúrà lé lórí láti ọjọ́ yìí ni. Mo béèrè kóòdù tuntun, mo tẹ̀ ẹ́, ìyẹn lé e kúrò lórí rẹ̀, àmọ́ wọ́n ní kí n mú PIN wá. Mo tẹ ọjọ́ ìbí mi, kò gbà. Mo ní mo ti gbàgbé rẹ̀, ìmeèlì olè yẹn ni wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí! Ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n ní kí n dúró. Ọjọ́ méje láìtajà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò lajú. Ọdún 22 ni mo ti ń taṣọ, ẹnikẹ́ni ò fi ayédèrú owó rà á lọ́wọ́ mi rí. Àmọ́ ẹnu mi yìí ló ka nọ́ńbà yẹn, mi ò lè sẹ́ ẹ. Oorun ò kùn mí lóru nítorí rẹ̀.

Mo padà sí sọ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n ní ó kàn yá kántà ni, wọn ò mọlé rẹ̀. Ta ló ń yá ẹni tí ò mọlé rẹ̀ ní kántà? Gbogbo wọn ló mọ̀ sí i! Mi ò gba ọ̀kankan nínú wọn gbọ́ mọ́, títí kan ẹni tó ń ta ṣájà.

Ẹ yan PIN yín fúnra yín, nílé. Ẹ lọ wo ìmeèlì tó wà nídìí rẹ̀ lónìí. Ẹ wo Linked devices nínú WhatsApp, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ míì tí wọ́n so mọ́ WhatsApp yín, ẹ yọ èyí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀. Ní ti Google, ọmọ mi obìnrin ló bá mi yí password, ó yọ Authenticator, ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ó gba backup code tuntun, ti tẹ́lẹ̀ ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Kóòdù tó bá wọlé, ẹ má kà á fẹ́nì kankan, kódà kó jẹ́ èmi ni mo pè.

Mo ti dá ₦60,000 padà fún oníbàárà mi ti Ìlọrin, ó ku ₦60,000. Nọ́ńbà mi ti padà sọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ tó béèrè owó látorí rẹ̀ ní Sátidé yẹn, tí wọ́n fi Òyìnbó kọ, èmi kọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti sanwó, ẹ pè mí, ká jọ mọ iye tó jẹ́.