Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ orí ògiri odò, láti Woolwich dé Erith: ohun tí ojú Màrúwá mi rí

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú kẹ̀kẹ́ tí mò ń gùn, torí òun ló fa gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Ẹsẹ̀ kan níwájú, méjì lẹ́yìn, agbọ̀n onírin láàárín àwọn tẹ̀yìn. Àlòkù ni, pọ́n-ùn 280 ni mo rà á lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tí orúnkún ti ní òun ò gbé mi dé Woolwich mọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò wa ní Thamesmead, ní London, ò jẹ́ kó pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Màrúwá. Bí èmi náà ṣe di Ìyá Màrúwá nìyẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tì í wọ àgbàlá, bàbá àwọn ọmọ mi yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé wàá dé Mọ́kọ́lá?"

Ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tó ń tọ etí odò Thames láti Woolwich, tó gba Thamesmead, tó gba Crossness, tó dé Erith, tó tún wá wọ inú àbàtà Crayford lọ. Ó wà lára ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ yìí tí wọ́n ń pè ní Nọ́ńbà 1. Láti ibi Thames Barrier, ìdènà omi onílẹ̀kùn tó dábùú odò náà, dé Crayford Ness, nǹkan bíi máìlì 10 ni. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ gba márùn-ún o. Àwọn tó ri irin mọ́ ẹnu rẹ̀ ló jẹ méjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gba ibẹ̀ ò fura sí ni pé ògiri ni wọ́n ń gùn. Lóru 31 oṣù kìíní ọdún 1953, òkun ru bo etí ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn 307 ló kú ní England nìkan, omi sì wọ àbàtà Erith àti Plumstead tí wọ́n wá kọ́ Thamesmead lé lórí. Nígbà tí àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó dé ní 1968, kò sí yàrá kankan nísàlẹ̀ pátápátá. Mọ́tò ló ń sùn nísàlẹ̀, èèyàn ń sùn lókè, afárá ni wọ́n fi ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí, mo rò pé olè ni wọ́n ń sá fún.

Àlejò tó bá wá kí wa máa ń ní, "Ẹ̀yin ò níṣòro, ẹ ṣáà ní Barrier." Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Barrier yẹn, ìlẹ̀kùn 10 ló ní, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 520, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982, ọbabìnrin sì wá ṣí i ní 1984. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè odò ló ń gbà là. Àwa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn yẹn, ìta la wà, àwa àti omi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ògiri ìsàlẹ̀ odò ga sí i nígbà tí wọ́n ń kọ́ Barrier. Ògiri yẹn ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì mi àti òkun, orí rẹ̀ náà ni Màrúwá mi ń gbà kọjá ní gbogbo àárọ̀ Tuesday.

Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ò ní fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ọmọ ọdún 15 ni mí, ilé wa ò jìnnà sí odò Ògùnpa tó ya bo ìlú lọ́jọ́ náà. Màmá wa gbé àbúrò mi lé orí tábìlì, nígbà tó yá ó gbé àga lé orí tábìlì, ó tún gbé ọmọ lé orí àga. Omíyalé yẹn kó agolo gààrí wa lọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí bàbá wa ò tíì san owó rẹ̀ tán. Títí di òní, bí òjò bá ń rọ̀ lóru ní London, mo máa ń jí.

Mo wá ń wò ó pé ọgbọ́n ńlá ló wà nínú kí wọ́n fi ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sórí ìdènà omi. Ní ọ̀nà Crayford, níbi tó ti jẹ́ òkìtì amọ̀ tí koríko bò, ṣe ló dà bí ebè iṣu kan ṣoṣo tí ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé láti dá a dúró. Orí ebè yẹn gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ wò lè rìn ín, kí ẹ̀rọ tó ń gé koríko lè gorí rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí igi hù sí i, torí gbòǹgbò. Koríko rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, kí ojú lè tètè rí i bó bá sán tàbí bí ẹranko bá gbẹ́ ihò sí i. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kẹ̀kẹ́? Kò sí mọ́tò, kò sí iná aláwọ̀ pupa, kò sí òkè tí èèyàn máa mí hẹlẹ-hẹlẹ gùn. Wọn ò ṣáà gbọdọ̀ gbẹ́ ikùn ebè náà, kí wọ́n kàn tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ọ̀dà sí orí rẹ̀. Wọn ò ra ilẹ̀ lọ́wọ́ onílé kankan.

Apá Woolwich dán bíi pálọ̀ ọlọ́rọ̀: ilé gogoro tuntun, ìbọn àgbá láyé àtijọ́, àwọn tó ń sáré pẹ̀lú ajá. Mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀. Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá wọ Thamesmead kí odò tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín sọ̀rọ̀. Láàárín ìgbà tí omi bá fà àti ìgbà tó bá kún, ó lè fi nǹkan bíi mítà 7 yàtọ̀. Láàárọ̀ ẹ ó rí ẹrọfọ̀ dúdú tí àwọn ẹyẹ ń ṣa oúnjẹ lórí rẹ̀. Ẹ padà wá lọ́sàn-án, omi ti gun ògiri bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo ohun tó wà nínú agbọ̀n yín. Bàlúù tó ń balẹ̀ sí òdìkejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí yín ní fìlà.

Ní Tripcock Ness, níbi ilé ìmọ́lẹ̀ pupa kékeré, mo máa ń dúró díẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni ọkọ̀ Princess Alice rì sí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1878, èèyàn tó lé ní 600 ló bá a lọ, àwọn tó ń darí ilé bọ̀ láti ìgbafẹ́. Odò yìí lẹ́wà, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni.

Crossness wá ń bọ̀. Imú yín ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ibẹ̀ ni Joseph Bazalgette kọ́ ilé ẹ̀rọ tó ń fa omi ìdọ̀tí gúúsù London sí, wọ́n ṣí i ní 1865, ẹ̀rọ mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ àwọn ẹbí ọba sọ. Ilé náà rẹwà bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì máa ń di imú kọjá. Bí ẹ kò bá fẹ́ padà gba etí odò, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ridgeway, tó ti Crossness lọ sí Plumstead. Òkìtì lòun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe odò ló ń dí. Ọ̀pá ìdọ̀tí ńlá ló wà nínú rẹ̀. Ẹ máa gùn ún lọ, ẹ má ronú.

Láti ibẹ̀ dé Erith, ilé iṣẹ́, tírélà, ẹ̀fúùfù. Ẹ̀fúùfù yẹn gbọ́dọ̀ ní ìpínrọ̀ tirẹ̀. Lílọ, bí ẹni tí wọ́n ń tì lẹ́yìn. Bíbọ̀, bí ẹni tí ọlọ́pàá gbá láyà mú. Ẹ gbé omi dání, ẹ gbé nǹkan jíjẹ dání, torí kò sí ìsọ̀ kankan létí odò níbẹ̀. Mọ́ínmọ́ín eléwé méjì ni èmi máa ń kó sínú agbọ̀n, a ó sì jẹ ẹ́ lórí afárá gígùn tó wọnú odò ní Erith, èmi àti àwọn apẹja.

Ó wá ku irin. Ní ojú ibi mẹ́rin ó kéré tán láàárín ilé mi sí Erith, wọ́n ri irin méjì tó tẹ̀ wọnú ara wọn mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀kadà sáré má baà ráyè wọlé. Àwọn ọmọ ọ̀kadà náà ń wọlé. Mo rí wọn. Wọ́n á tẹ ọ̀kadà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó parí. Èmi ni mi ò lè tẹ Màrúwá. Ìyá tó ń ti ọmọ méjì nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ò lè kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin àdúgbò wa tó ń lo àga onítáyà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo há. Iwájú wọlé, ẹ̀yìn kọ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fà, mo tì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ń bọ̀ pẹ̀lú fìlà ìtutù àti orin létí, mo sì di báàgì mi mú, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọ̀kan yọ nǹkan tó wà létí rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Mummy. Ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e." Yorùbá rẹ̀ ní òórùn London, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé "yín" ni wọ́n ń pe àgbà. Wọ́n gbé Màrúwá gba orí irin kọjá bí ẹni gbé pósí. Mo ṣàdúrà fún wọn títí wọ́n fi ṣẹ́ kọ́nà.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀nà náà. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní àwọn máa wá wò ó. Oṣù mẹ́rin rèé. Kì í sì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ọmọ mi obìnrin gbé mi lọ sí Walthamstow Wetlands, níbi tí wọ́n kó adágún omi 10 jọ sí, tí London ṣì ń mu omi rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2017 ni wọ́n ti ṣí i fún gbogbo èèyàn, ọ̀fẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, Màrúwá sì wọlé láìbá ẹnikẹ́ni jà. Àbùkù ibẹ̀ ni pé wọ́n máa ń ti géètì nírọ̀lẹ́, àti pé orí ọ̀nà àárín yẹn nìkan ni wọ́n fún kẹ̀kẹ́, wọn ò jẹ́ kí n gùn yí àwọn adágún tó kù ká. Mo gbà fún wọn, nítorí àwọn ẹyẹ.

Ohun tó tún ń dùn mí ni ti odò Darent, lẹ́yìn Crayford Ness. Wọ́n kọ́ ìdènà omi sí ẹnu rẹ̀, irin ńlá, ẹ ó rí òdìkejì kedere, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ju òkúta débẹ̀. Àmọ́ èèyàn ò lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ gbọ́dọ̀ tọ ebè wọ inú ilẹ̀ lọ dé apá Dartford kí ẹ tó rí afárá, kí ẹ tún yí padà wá. Mo débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo jókòó, mo jẹ mọ́ínmọ́ín kejì, mo yí orí Màrúwá padà sílé.

Ẹ lọ o, ẹ gbádùn rẹ̀. Ẹ lọ nígbà tí omi bá kún, kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ibi púpọ̀ ò ní iná, ẹ sì ṣọ́ àfọ́kù ìgò lábẹ́ afárá. Bí ẹ bá bá ìyá kan níbi irin, tó wọ akoto pupa, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa Màrúwá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ bá mi gbé. Ó wúwo ju iwájú lọ.