Ilé Ẹ̀kọ́ Àtijọ́ Tó Di Ahoro: Ṣé Ká Tún Un Ṣe ni, àbí Ká Wó O?
Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ti fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta lọ́dún 1846 ni ilé ẹ̀kọ́ ti ń dìde níbẹ̀. Bí ògiri bá ṣì dúró ṣinṣin, owó àtúnṣe lè kéré sí ti àtúnkọ́. Bí ìpìlẹ̀ bá ti yẹ̀, àtúnṣe lè gbówó jù. Ewu àtúnṣe gan-an ni sìmẹ́ǹtì: bí a bá fi rẹ́ ògiri alámọ̀, ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò ní rọ́nà jáde, amọ̀ yóò sì máa rọ̀ lábẹ́ ìrẹ́ tó ń dán títí yóò fi ya lulẹ̀. Bíríkìlà tó mọ amọ̀ lò kò sì pọ̀ mọ́. Èyí tó mọ búlọ́ọ̀kù lò ló rọrùn láti rí. Níbi tí páànù nìkan ti ṣí, èmi yóò yan àtúnṣe; níbi tí ògiri ti fì sọ́nà tí àwọn ọmọdé ń gbà, kí a yàwòrán rẹ̀, kí a sì wó o.