Ilé Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé n'Íléṣà: Ṣé Ká Rà Á Ni, àbí Ká Kàn Án?

Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ ra èyí tí wọ́n ti kàn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ara yín lẹ wà, tí adìẹ yóò sì ju 6 lọ, ẹ pe káfíńtà kó wá kàn án lójú yín. Èrò tèmi nìyẹn.

Èyí tí wọ́n ń tò sétí títì yá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó lẹ ó gbé e relé, ọjọ́ tí onílé bá sì ní kẹ́ ẹ kẹ́rù, ẹ ó gbé e tẹ̀lé ẹrù. Ààyè inú rẹ̀ ni ìjà wà. Ẹni tó ń tà á á ní, "Adìẹ 15 á gbà á, ẹ fọkàn balẹ̀." Ẹ fa tépù yọ. Bílẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ́nà 3, 12 nìyẹn. Adìẹ ẹlẹ́yin kan sì nílò tó 2 nínú 12 yẹn. Adìẹ 6 ló gbà. Bí wọ́n bá fún pọ̀, wọn a máa ṣá ara wọn nídìí títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde.

Ẹ wo wáyà rẹ̀ náà. Ẹ ti àtàǹpàkò bọ ihò rẹ̀: bó bá wọlé, ọmọ ejò àti èkúté á wọlé. Èyí tí ihò rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì lọ ló dáa.

Ti kéèjì onírin ńkọ́? Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ ti adìẹ 96 tàbí 120. Oko nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé.

Àǹfààní kíkàn ni pé ẹ̀yin lẹ ó yan ibi tó máa kọjú sí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ má baà ràn wọlé tààrà. Kí páànù yọ síta dáadáa, torí òjò oníjì a máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bí lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀ bá tutù, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kì í pẹ́ dé. Ní ti ikán, ẹ gbé ẹsẹ̀ ilé náà lé búlọ́ọ̀kù.

Kíkàn lè gbówó jù, pàápàá owó iṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ ra pákó, wáyà àti ìṣó. Ẹ má san owó iṣẹ́ tán kí ilẹ̀kùn tó pa dé dáadáa; bí káfíńtà bá ní òun ó ṣe òṣómàáló lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ fún un lápótí.