Ọ̀dà olóróró ayàwòrán tó ń gba omi: ṣé ó yẹ yàrá tí ajá kékeré ń sùn?

Ó yẹ, àmọ́ ẹ má rò pé nítorí pé kò léwu ni. Tọpẹntáìnì, ìyẹn omi olóòórùn tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóróró àtijọ́, tí wọ́n sì fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó lé kúrò nílé ni iyì rẹ̀. Ooru tọpẹntáìnì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Ẹni tó dúró ti kánfáàsì lè máà gbóòórùn rẹ̀ púpọ̀, nígbà tí ajá kékeré bíi Lhasa Apso tó ká jọ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà á símú látàárọ̀ dalẹ́. Nínú irú ọ̀dà yìí, bíi Artisan ti Winsor & Newton àti Cobra ti Royal Talens, wọ́n ti tún òróró náà ṣe kí omi lè bá a pọ̀. Omi àti ọṣẹ ti tó fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ọṣẹ dúdú gan-an ń fọ̀ ọ́ mọ́ kedere.

Bó ṣe ń jáde nínú tíúbù, ó ki bíi bọ́tà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀dà olóróró tá a mọ̀. Omi ló máa ń da èèyàn láàmú. Fún ìpele àkọ́kọ́, kí búrọ́ọ̀ṣì ṣáà tutù, ó tó. Bí omi bá ti pọ̀, ọ̀dà á funfun bíi mílíìkì, á máa fà bí ewédú; tí omi náà bá sì gbẹ tán, àwọ̀ á ṣú ju bó ṣe wà nígbà tẹ́ ẹ kùn ún. Ẹni tó ń ya ojú èèyàn nìyà rẹ̀ ń jẹ jù. Láti ìpele kejì, ẹ gbé omi tì, kẹ́ ẹ lo òróró linseed (òróró hóró ọ̀gbọ̀) tí wọ́n ṣe fún irú ọ̀dà yìí. Ìpele òkè ló gbọ́dọ̀ ní òróró jù. Bó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ni, òkè á gbẹ ṣáájú, á sì sán. Ẹ lè da ọ̀dà olóróró àtijọ́ díẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tó bá ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, omi ò ní fọ̀ ọ́ dáadáa mọ́.

Ewu tuntun kan wà o. Tọpẹntáìnì ń rùn, ajá á yí imú kúrò. Omi tẹ́ ẹ fi fọ búrọ́ọ̀ṣì kò rùn, ajá tí òùngbẹ ń gbẹ á lá a. Agolo olómorí ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ tún wo nọ́ńbà èròjà àwọ̀ tó wà lẹ́yìn tíúbù: PR108 ni cadmium pupa, PB28 ni cobalt aláwọ̀ aró, omi kì í sọ wọ́n di oúnjẹ. Èyí tí wọ́n kọ “Hue” sí lára, bíi Cadmium Red Hue, àfirọ́pò ni, kò sí cadmium nínú rẹ̀.

Àkísà tó mu òróró linseed lè gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná, pàápàá tẹ́ ẹ bá ká a jọ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi nínú agolo onírin, kẹ́ ẹ sì dé e.

Bí ọ̀dà bá ta sí irun ajá, ẹ fi òróró ẹ̀pà nù ún, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Èyí tó ti gbẹ, ẹ gé e. Ẹ má fi kẹrosíìnì kàn án láéláé. Bó bá gbé ọ̀dà mì, ẹ má fipá mú un bì, ẹ gbé òun àti tíúbù náà lọ bá dókítà ẹran.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè ra French Ultramarine, Yellow Ochre àti Burnt Sienna ní 37 ml, kó ra Titanium White ní 200 ml, torí funfun ló ń tètè tán.