Ìwé àfojúsùn ọdún tí mo rà ní Kàbà

Ìwé àfojúsùn, ìyẹn ìwé tí èèyàn ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dún sí, ni mo rà ní Kàbà, nínú oṣù Kìíní ọdún 2024, lọ́jọ́ tí mo lọ ra sípù àti òwú. Ìpàdé àdúrà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, àwọn èèyàn ń jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì to ìwé sórí tábìlì lẹ́nu géètì, ó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó pe ìwé náà ní 3,500 náírà. Mo ní kó gba 2,500. Ó ní, "Màmá, a kì í ná ọjà Ọlọ́run." Mo kẹ̀yìn sí i, ó ní kí n mú 3,000 wá. Bí mo ṣe di oníwèé àfojúsùn nìyẹn, èmi tí n kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí ju ìwọ̀n àyà àti ìbàdí oníbàárà lọ.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Ìsánlú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún. Nítorí náà, kí n tó ka ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, wọn ò gán an. Mo sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà pé ìwé yìí ò ní rí ìkórè. Oṣù Kẹjọ ni ewé àkọ́kọ́ já bọ́. Kó tó di ìparí oṣù Kẹsàn-án, odindi oṣù Kẹrin ti tú kúrò, mo ń ṣa á kiri lábẹ́ máṣíìnì. Mo fi òòlu dá ihò mẹ́fà sí i lẹ́yìn, mo fi òwú tí a fi ń rán jíìnsì gán an ní ìlọ́po méjì. Kò tíì mira láti ọjọ́ náà. Bébà inú rẹ̀ dára ṣá. Bírò kì í là á kọjá sí òdìkejì, ìlà rẹ̀ sì fẹ̀ tó fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń wá gíláàsì.

Apá méjì ni ìwé náà. Bó o bá ṣí i láti iwájú, ti ẹ̀mí ni. Bó o bá dojú rẹ̀ dé, tó o ṣí i láti ẹ̀yìn, ti owó ni. Ẹni tó ṣe é ka èyí sí ọgbọ́n ńlá. Èmi náà kà á sí ọgbọ́n fún nǹkan bí oṣù méjì.

Apá ti ẹ̀mí fẹ́ràn iye. Wákàtí mélòó lo máa fi gbàdúrà? Ọkàn mélòó lo máa jèrè? Ààwẹ̀ mélòó? Ètò kíka Bíbélì já wà níbẹ̀: orí mẹ́ta lójúmọ́, márùn-ún ní ọjọ́ Ìsinmi. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì, ìṣirò wọn sì pé, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Léfítíkù ni mo ti dúró. Àdúrà wákàtí kan ní aago márùn-ún ìdájí, mo sàmì sí i fún ọjọ́ mọ́kànlá léraléra, lẹ́yìn náà ni aṣọ Àjíǹde bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo ń sùn ní aago méjì òru. Ẹ má bi mí ní aago márùn-ún.

Apá ti owó ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Tábìlì ni wọ́n yà fún oṣù kọ̀ọ̀kan: owó tó wọlé, ìdámẹ́wàá, owó ìpamọ́, oúnjẹ, ilé, ìgbádùn. Ẹni tó ń gba owó oṣù ló ya ìlà yẹn fún ara rẹ̀. Owó tèmi ò mọ oṣù. Ó máa ń wá nígbà Àjíǹde, ó máa ń wá nígbà tí àwọn ọmọ bá fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì máa ń ya wọlé láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di Kérésìmesì. Ọkọ mi ní oko káṣú, àwọn tó ń rà á máa ń wá láti nǹkan bí oṣù Kejì títí dé oṣù Karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ wa á gbẹ títí iṣu tuntun yóò fi dé. Ní oṣù Kẹfà, 6,000 náírà ni mo kọ síbi owó tó wọlé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ni pé kí n má rẹ̀wẹ̀sì. Mo rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, mo fi rúlà wọ́ ìlà pa oṣù méjèèjìlá, mo pín ọdún sí mẹ́rin: Àjíǹde, káṣú, ilé ìwé, Kérésìmesì.

Kò sì sí àyè kankan fún ìnáwó. Ní ilẹ̀ Yàgbà níbí, ta ló lè ṣètò owó ọdún kó má fi ti òkú sí i? Ọdún náà nìkan, aṣọ ẹbí mẹ́rin ni mo rà, a ò tíì sọ ti aṣọ tí mo rán fún mọ̀lẹ́bí lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé "tiwa ni". Mo fi ọwọ́ ara mi kọ Ìnáwó sí ibi tí wọ́n kọ Ìgbádùn sí.

Àjọ náà, wọn ò dárúkọ rẹ̀. Báńkì ni wọ́n ń pè ṣáá. Èmi àti alájọ wa la jọ mọ ara wa: 500 náírà lójúmọ́, káàdì ojú 31, ó mú ti ọjọ́ kan, ó kó 15,000 fún mi. Ibi tí ìwé yìí ti wúlò fún mi nìyí o, mi ò ní purọ́. Nítorí pé mò ń sàmì sí i, mo dá káàdì mẹ́sàn-án pé lọ́dún yẹn, èmi tí kì í dá ju mẹ́rin lọ. 135,000 náírà. Mo fẹ́ fi ra máṣíìnì alágbára tòkunbọ̀ tí wọ́n pè ní 240,000 fún mi ní Lọ́kọ́ja ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, wọ́n ti ń pè é ní 315,000.

Àti pé mo ti fa 50,000 yọ nínú owó náà. Ojú ewé kan ló fà á. Wọ́n ní kí n kọ iye tí màá fi ṣe ìkórè, iye tó máa dẹ́rù bà mí, pé ìgbàgbọ́ nìyẹn. Mo kọ 150,000. Ìkórè dé, ìdá mẹ́ta rẹ̀ péré ni mo rí san, inú owó máṣíìnì ni mo sì ti yọ ọ́. Hábákúkù 2:2 ni wọ́n fi ṣí ìwé náà, pé ká kọ ìran sílẹ̀. Mo wá Lúùkù 14:28 títí, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tó ní láti kọ́kọ́ jókòó kó ṣírò owó. N kò rí i níbì kankan.

Ohun tí mo fi ń kọ èyí gan-an, ìlà kan ṣoṣo ni, nísàlẹ̀ ojú ewé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lápá ti owó, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà: Ta ni mo jẹ ní gbèsè? Oṣù Kìíní, oṣù Kejì, mo ń kọ "kò sí". N kò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, ìyá àgbàlagbà kan wá gba aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Ó kí mi, "Okun o." Mo ní, "Okun o, màmá. Bọ́tìnnì nìkan ló kù." Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo télọ̀ ló ní bọ́tìnnì yẹn. Màmá ò sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa náílọ́ọ̀nù kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó gbé e sórí ẹsẹ̀, ó ń fi èékánná tú kókó ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo ta kókó yìí nílé." Aṣọ náà wà níbẹ̀ bó ṣe ká a, sísọ́ọ̀sì ò tíì kàn án. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì dojú bolẹ̀.

Èyí tó burú jù nìyí: 4,000 tó san sílẹ̀, mo ti ná an tán. Mo fi ra epo jẹnẹrétọ̀, mo sì yọ ìdámẹ́wàá nínú rẹ̀. Mo ti fi ayọ̀ sàmì ìdámẹ́wàá náà sínú ìwé. Owó gbèsè, owó ẹni tí mo purọ́ fún, ni mo gbé lọ síwájú pẹpẹ.

Mo rán aṣọ màmá mọ́jú lóru yẹn, n kò gba àṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti ìlà kékeré yẹn, mo kọ orúkọ rẹ̀, mo sì kọ ti àwọn mẹ́tàlá mìíràn tí owó àsansílẹ̀ wọn ti wọ ìkòkò ọbẹ̀ kí aṣọ wọn tó rí sísọ́ọ̀sì. Ìlà náà ò gbà wọ́n, mo ń kọ ọ́ gòkè sí ẹ̀gbẹ́. Mo wá dojú ìwé dé, mo ṣí i láti iwájú. Níbi tí mo kọ wákàtí kan àdúrà sí, mo fà á rẹ́, mo kọ: Má purọ́ ọjọ́ mọ́. Owó àsansílẹ̀ ń wọ agolo mílíìkì, orúkọ olówó wà lára bébà tí mo fi wé e, n kò sì ní fọwọ́ kàn án àfi tí mo bá ti gé aṣọ rẹ̀. Àdúrà mi wá di ogún ìṣẹ́jú, lákòókò tí èédú áyọ́ọ̀nù ń ràn, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dé. N kò tíì pa á jẹ ju ìgbà mélòó kan lọ.

Ẹ má rò pé owó ya wọlé nítorí ìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "ọ̀sẹ̀ méjì" fún ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún, àwọn mẹ́ta sì kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lójú mi. Láti ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, n kò gba aṣọ mọ́. Owó Kérésìmesì mi kéré sí ti èṣí. Ṣùgbọ́n mo jókòó nínú ìjọ láàárọ̀ Kérésìmesì láti orin àkọ́kọ́, aṣọ tèmi lọ́rùn mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Ojú ewé tó kẹ́yìn béèrè ohun tí màá fi sílẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì ya ilé alájà mẹ́ta àti mọ́tò síbẹ̀. Ọmọ ìjọ ECWA ni mí, ìjọ tó jáde látinú iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì. Ọ̀kan nínú wọn, Tommy Titcombe, wọ Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà wa ní 1908, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti wà láti 1951, ibẹ̀ ni ọkọ mi ti kàwé. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ mọ́tò rẹ̀ rí. Mo fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Ṣé kí ẹ rà á? Ẹni tó bá ń gba owó oṣù lè rà á, kó gán an kó tó lò ó. Èmi ò rà á mọ́. Mo ra ìwé ẹlẹ́yìn líle lọ́jà Ìsánlú ní 1,200, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n gán an, mo sì fi rúlà àti ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ya ìlà tèmi: ìgbà mẹ́rin, ìnáwó, àjọ, àdúrà, gbogbo rẹ̀ lójú ewé kan náà. Ìbéèrè gbèsè yẹn ni mo fi sókè pátápátá, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà. Ìyàwó pásítọ̀ wa rí i, ó ní kí n ya irú rẹ̀ fún òun. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì.